Irun Dàda àti Àga Ìyá Àrẹ̀mú

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí òkèlè ẹ̀bà tí mo máa jẹ lónìí há mi lọ́fun. Àmọ́ ṣá, òkèlè kékeré ni mo máa ń bù, ọbẹ̀ ilé wa sì máa ń yọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbára lé ìbúra yẹn jù. Ẹ jẹ́ ká ní ó rí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Opó ni Ìyá Àrẹ̀mú. Ìdí-Ìyeyè ló ń gbé, abúlé kan tí kò jìnnà sí yunifásítì. Ó dàgbà, ó sì lẹ́nu. Yunifásítì náà ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbìmọ̀ Ọmọlúàbí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lára ènìyàn, ìbáà ṣe ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbà, ìbáà ṣe ìbéèrè lásán ló fẹ́ bi wọ́n, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ yìí. Wọ́n á bi í pé ṣé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára? Ta ló máa jèrè rẹ̀? Ṣé àwọn tọ́rọ̀ kàn ti gbà? Bí wọ́n bá ní àwọn kò ṣe mọ́, ṣé yóò fi wọ́n sílẹ̀? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, á kó ìwé rẹ̀ padà sílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàdé ni alága. Àwọn dókítà wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò obìnrin kan wà níbẹ̀, àlùfáà kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń fi ojú dídì gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin rẹ̀. Òfin tún sọ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí kì í ṣe ará yunifásítì rárá, tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ará ìlú. Ìyá Àrẹ̀mú ni Ìdí-Ìyeyè yàn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àga tirẹ̀ wà. Bí àga yẹn bá ṣófo, ìpàdé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún láàárín oṣù ààwẹ̀. Ìyá Àrẹ̀mú bi í bóyá òun náà ti gbààwẹ̀ rí. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀ ńlẹ̀, ó lọ tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará abúlé ti ń pè é ní Ojú Wa. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Ojú Wa, ẹ kú ìtọ́jú wa o.” Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Dókítà Adémúwàgún gbé ìwádìí kan wá. Làpálàpá ti ń jẹ orí àwọn ọmọ ilé ìwé káàkiri, ó sì fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ́, kí wọ́n lè wá oògùn tó máa ràn án. Ìwádìí tó dára ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé e: ilé ìwé kù díẹ̀ kó tì, àwọn ọmọ á sì tú ká lọ sí ahéré àwọn òbí wọn. Ọjọ́ tí ìpàdé bọ́ sí ni wọ́n ń sin ẹ̀gbọ́n Ìyá Àrẹ̀mú ní ìlú mìíràn.

Agbẹjọ́rò tọ́ka sí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní ẹni tó ni ín kò sí. Alága ní ṣebí tẹlifóònù wà. Ó pè é.

Ìyá Àrẹ̀mú dúró létí sàréè láàárín àwọn àna rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tẹ fóònù náà kí gbogbo wọn lè máa gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe ènìyàn níwájú àna.

“Ẹ kú ìrójú o, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìwádìí kékeré kan lórí làpálàpá àwọn ọmọ yín ni. Gbogbo wa ti fẹnu kò, ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Ṣé kò ní pa wọ́n lára?”

“Kò ní pa wọ́n lára rárá.”

Ó yẹ kó béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ó yẹ kó béèrè ẹni tó máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bu iyẹ̀pẹ̀, ojú àwọn àna sì wà lára rẹ̀. Ó ní, “Ẹ máa bá a lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Ohun tí kò béèrè ni pé wọ́n máa fá orí àwọn ọmọ náà kí wọ́n lè rí ojú àrùn, wọ́n á sì kó irun lọ fún àyẹ̀wò. Ní ti àwọn òbí, àwọn olùwádìí ní oko ni wọ́n máa ń wà, pé kí ọ̀gá ilé ìwé gbà fún gbogbo wọn.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé ìwé náà tó ń jẹ́ Dàda. Ọmọ tó bá gbé irun tó ta kókó wá sáyé, a kì í ṣàdédé fá a. Àwọn òbí ló ń dá ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á gé ìrèké, àwọn ọmọdé á jẹ títí wọ́n á fi máa sunkún inú rírun. Irun tí wọ́n bá fá yóò wọ inú ìkòkò omi. Bí ara ọmọ náà bá gbóná, omi yẹn ni wọ́n á fi wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó kan Dàda, ọwọ́ ẹni tó ń fárí náà dúró. Owó ẹyọ wà nínú irun ọmọ náà. Ó wojú ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá ní kó fá a, pé orí tí irun rẹ̀ ki tó báyìí ni làpálàpá máa ń fara pamọ́ sí jù. Owó ẹyọ já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń ró wóró wóró. Dàda ṣà wọ́n, ó há wọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì gba ilé lọ.

Ọmọ́wùmí ìyá rẹ̀ ń yan gààrí nígbà tó wọlé. Kò pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, “Irun náà ńkọ́?”

Ìyá Àrẹ̀mú ti ibi ìsìnkú dé, ó sì gbọ́. Kò tíì tú ẹrù tó fi sáré gba yunifásítì lọ. Wọ́n mú un wọ iyàrá àyẹ̀wò. Irun gbogbo àwọn ọmọ náà ni wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ kéékèèké, wọ́n sì ti da oògùn sí i. Ti Dàda kò yàtọ̀ mọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Dókítà Adémúwàgún káwọ́ lẹ́yìn, ojú sì ń tì í. “Màmá, bí a bá mọ̀ ni, à bá ti yọ tiẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”

Ìyá Àrẹ̀mú ni ì bá sọ fún wọn.

Òjò dé, ibà dé pẹ̀lú rẹ̀. Ibà mú Dàda. Ìyá Àrẹ̀mú bá a nílẹ̀ lórí ẹní, aṣọ dúdú kan wà lórí tí wọ́n fá náà. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì.

“Ti ta ni ilé ìwòsàn yẹn? Ṣé ti àwọn tó fá a?”

“Ibà ni, Ọmọ́wùmí. Oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀.”

“Ẹ ní kí wọ́n dá irun rẹ̀ padà. Bí mo bá ti fi wẹ̀ ẹ́, màá gbé e wá.”

Ìyá Àrẹ̀mú kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ọmọ́wùmí kò wojú rẹ̀. Ó kàn ní, “Ẹ dìde, Ojú Wa,” orúkọ náà sì korò bí ewúro. Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, Dàda dákẹ́.

Ìgbìmọ̀ pàdé, wọ́n dá ìwádìí náà dúró. Alága ní kí Màmá jẹ́ kó yé àwọn ará ilé pé ibà ló pa ọmọ náà, kì í ṣe abẹ. Ìyá Àrẹ̀mú ní òótọ́ ni, ibà ni. Ó wá dìde kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì mú Ọmọ́wùmí tó ń dúró níta wọlé, ó fi í jókòó sórí àga náà. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ́wùmí tú etí aṣọ rẹ̀, ó da owó ẹyọ náà sórí tábìlì.

“Orí ọmọ mi lẹ fá. Èmi olórí kò kú, n kò rìnrìn àjò. Ìdí gààrí ni mo wà, èéfín rẹ̀ ń dé ilé ìwé yẹn. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

Àlùfáà pàápàá lajú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàdé wá dìde, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú obìnrin náà, ó ń tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, bí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bá ṣófo, ṣe ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, tí kálukú ń gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o, nítorí òkèlè ẹ̀bà. Òwe tí mo fẹ́ fi parí ìtàn yìí ti dàgbà ju yunifásítì lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni irọ́ tó ń yọ mí lẹ́nu. Ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dọ̀bálẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń tilẹ̀kùn yẹn, èmi ni mo fi wọ́n sí i. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ ni, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn. Ọmọ́wùmí ṣa owó ẹyọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ. Ìyá Àrẹ̀mú tẹ̀ lé e, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí.