Ìjàpá Da Ìyẹ́ Àkùkọ Sínú Àgbàrá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú gọ́tà, ó bá Ìjàpá níbẹ̀ tòun ti agbọ̀n ìdọ̀tí lórí.

Òfin kan wà nílùú àwọn ẹranko. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, oníkálukú á ru ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sí ààtàn, á dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ìlú, á sì ṣà á. Èèpo iṣu lọ́tọ̀, torí oko ló ń lọ. Eegun àti ìyẹ́ lọ́tọ̀.

Òfin yìí kò bá Ìjàpá lára mu rí. Ọ̀lẹ ni. Ìgbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀ ni ó máa ń da ìdọ̀tí tirẹ̀ sí gọ́tà. Ti ọ̀tẹ̀ yìí tún wá burú, torí pé ó ti jí àkùkọ Ọ̀pọ̀lọ́, àna rẹ̀, pa jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ ló fẹ́. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe pàdé.

Ọ̀pọ̀lọ́ ti kìlọ̀ fún un: “Bí mo bá rí ìyẹ́ àkùkọ mi nílé rẹ, ọmọ mi ń bọ̀ wálé nìyẹn.”

Ìyàwó Ìjàpá ní, “Baálé mi, ẹ jẹ́ ká gbé agbọ̀n yìí lọ sí ààtàn. Àparò tí ẹ ní ẹ pa yẹn ti ń rùn.”

Ìjàpá ní, “Fi í sílẹ̀. Òjò ń bọ̀. Òjò kì í bi èèyàn pé kí ló wà nínú agbọ̀n.”

Òjò dé lóòótọ́. Àfi bí Ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń ti oko bọ̀ tó sá wọlé wọn. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, bàbá. Ló bá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó da agbọ̀n sínú àgbàrá, ó ń kọrin. Ẹ gbè é dáadáa o:

Òjò, bá mi gbé e lọ,
Àgbàrá, máa lọ.
Má yà lọ́dọ̀ ẹnì kan,
Àgbàrá, máa lọ.
Bí àna mi bá rí i,
Àgbàrá, máa lọ.
Mo dẹni ń dáná fúnra mi,
Àgbàrá, máa lọ.

Àgbàrá lọ, kò jìnnà. Ṣùkù àgbàdo àti ewé ẹ̀kọ tí Ìjàpá ti ń dà síbẹ̀ látẹ̀yìnwá ti dí ojú gọ́tà pa. Omi kò rọ́nà. Ó ṣẹ́rí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìjàpá wọlé wọ̀ọ̀, ó gbé ìyẹ́ ìrù pupa kan lé Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ mú un, ó wò ó.
“Ìjàpá.”
“Ẹ̀n, bàbá.”
“Kí lèyí?”
“Àparò ni, bàbá.”
“Ṣé àparò náà máa ń kọ láàárọ̀?”

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó di ẹrù, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ nínú òjò. Ojú ti Ìjàpá, ó sì dùn ún wọra, torí ó fẹ́ràn obìnrin náà. Òun nìkan ló kó gọ́tà yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú báyìí, létí gọ́tà ni Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń jókòó sí, tí yóò máa pariwo. Ẹ̀yin rò pé orin ló ń kọ. Ó ń bi yín pé kí ló wà nínú agbọ̀n yín ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé mi dí. Bí n kò bá parọ́, kó dún wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀.