Iyọ̀ Tí Alákàn Fọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ẹyẹ àti àwọn tó ń fà nílẹ̀ ṣì jọ ń gbé agbolé kan náà, Alákàn kì í ṣe ará etí odò. Àárín ilé ló ń gbé. Ilé rẹ̀ wà láàrin ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ilé Ìgbín. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, omi kò sì kan Alákàn ju èyí tó ń bù mu àti èyí tó fi ń wẹ̀ lọ.

Ọjà ni ó máa ń ná fún wọn. Àwọn yòókù náà ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ta ló ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó o? Ẹ̀yìn ni ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ sí, nítorí kò ní orí tí yóò fi rù ú. Á fi ọwọ́ kan di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, á fi ìkejì di ata mú, ẹsẹ̀ á sì tún kù rẹpẹtẹ tí yóò fi rìn wálé.

Àṣà kan wà ní agbolé náà. Bí Alákàn bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ọmọdé á tú jáde. Kò ní tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọn á ti máa ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ọmọ bá kọ́kọ́ bà, tirẹ̀ ni, ibi tó dúró sí náà ni yóò sì ti jẹ ẹ́. Àwọn àgbà kì í bá wọn wí. Wọ́n gbà pé ọjà tí ọmọdé kò bá fọwọ́ kàn kì í yó èèyàn.

Abẹ́bí ló máa ń ṣáájú wọn. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀kẹ́rẹ́ bí, ara rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wọn lọ. Alákàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ Abẹ́bí lè tètè tó inú apẹ̀rẹ̀, á sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ìgbà tó yá, àìsàn kan ti ọ̀nà ọjà wọ̀lú. Ara á gbóná, ikọ́ á dé, èèyàn á sì máa yàgbẹ́ gbuuru láìdúró. Wọ́n sọ ọ́ ní Abánirelé, nítorí wọ́n ṣàkíyèsí pé ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bá èèyàn wálé, láìjẹ́ pé a fojú rí i.

Kò pẹ́ tí ìròyìn yìí kàn wọ́n ni Alákàn ti ọjà dé. Àwọn ọmọ tú jáde bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Abẹ́bí ló ṣáájú. Ọsàn ni ọwọ́ rẹ̀ bà, ó fi eyín ya á, ó sì mu ún tán kí apẹ̀rẹ̀ tó kanlẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ sí i, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó sì dùbúlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé Alákàn ló fà á. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Alákàn ń wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára ògiri ṣáá.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló sì mọ ọ̀ràn omi jù. Ó ní kí oníkálukú jáde sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n má ṣe sún mọ́ra, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárín agbolé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ pàdé ọjà mọ́. Kí Alákàn máa sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà létí odò, lẹ́yìn ilé. Ohun tó bá ní èèpo, bí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, àti ata náà, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Kó má fi ọṣẹ fọ oúnjẹ, nítorí ọṣẹ nínú ikùn, wàhálà mìíràn ni. Ohun tí omi lè bà jẹ́, bí gàrí, èlùbọ́ àti iyọ̀, kó dà á sínú igbá tó mọ́, kó sì sá àpò rẹ̀ sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni kó wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀, kó tó fi kan ojú tàbí ẹnu.

“Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ju ẹrù lọ,” ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Alákàn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹyọ kan ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù: fọ̀ ọ́.

Nígbà tó tún ti ọjà dé, ó fọ iṣu títí èèpo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó fọ ata títí ata fi já, tí hóró inú rẹ̀ sì bá omi lọ. Nígbà tó gbé gàrí, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ tó dúró tì í ló yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, inú odò ni wọn ì bá ti jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà.

Ìgbín ń wò ó láti ẹ̀bá ọ̀nà. “Alákàn,” ó ní, “jọ̀ọ́, fọ èmi náà kún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ilé yìí kiri, ẹnikẹ́ni ò bá mi fọ̀ ọ́ rí.”

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Alákàn kò rẹ́rìn-ín. Ó tún bu omi sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àìsàn Abẹ́bí kò lọ bọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ, kò ní dúró. Omi ara rẹ̀ ń tán lọ, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì wọnú. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ní omi sísè ni kí wọ́n máa fi ahá fún un díẹ̀díẹ̀, omi tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ ìwọ̀nba sí. Èyí ló ń gbé ọmọ náà ró. Ṣùgbọ́n iyọ̀ agbolé ń lọ sópin, títí ó fi wá ku èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Iyọ̀ kò sí ní ọjà ìtòsí mọ́. Ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se iyọ̀ létí òkun. Wọ́n béèrè ẹni tó lè lọ. Ìgbín, tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ iyọ̀ rárá, ti wọ ilé rẹ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Alákàn ní òun á lọ. Kó tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ó ń mí. Ó ní, “Bó o bá ti rí iyọ̀ yẹn, Alákàn, má dúró níbì kankan.”

Kò dúró. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń rùn bí òkun. Lékeléke ló ń ta iyọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì kù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí àwọn tó ń sè é ti sá lọ fún àìsàn. Alákàn rà á tán pátá. Bí Lékeléke ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n, ikọ́ gbé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó hú u dáadáa, ọwọ́ yẹn kan náà ló sì fi bu iyọ̀ sínú àpò.

Alákàn rí i. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Iyọ̀ mìíràn kò sí. Ó gba àpò, ó sì kọrí sílé.

Ní gbogbo ọ̀nà, ọwọ́ Lékeléke ló ń rí. Ó ń rí ọsàn tí Abẹ́bí fi eyín ya. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ló gbé ti àkọ́kọ́ wálé, ṣé òun náà ni yóò tún gbé ìkejì wá, kí ọmọ tó ń kú lọ náà wá mu ún?

Nígbà tó dé orí àpáta, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ kò sí níbẹ̀. Ó wà nílé Ọ̀kẹ́rẹ́, níbi tó ti ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ. Alákàn dá wà. Ó wo àpò, ó wo odò. Ó rántí pé Ìyá sọ ohun kan nípa iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó rántí ohun náà tán. Ó ri àpò bọnú omi.

Ó rọra ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á. Àpò ń fúyẹ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Ó tún ra á sí i. Nígbà tó gbé e sókè tó tú ẹnu rẹ̀, àpò tó tutù ló kù sí i lọ́wọ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé iyọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ ni. Ó bọ́ sódò, ó bu iyanrìn, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó sún síwájú, ó tún bu òmíràn.

Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá a. Àwọn ará agbolé ti rí Alákàn nígbà tó ń kọjá, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti sáré wá gba iyọ̀.

“Alákàn, iyọ̀ dà?”

“Mo fọ̀ ọ́.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò pariwo. Ó wo àpò, ó wo omi tó ń lọ, ó sì rọra jókòó sórí àpáta. Alákàn ń ṣàlàyé fún un nípa Lékeléke, nípa ikọ́, nípa ọwọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ohun búburú tún ti ọwọ́ òun dé ọ̀dọ̀ Abẹ́bí ni.

Nígbà tí Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ retí wọn títí, òun náà tọ̀ wọ́n wá. Wọ́n kò tíì sọ ọ́ tán tó ti lóye rẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àpò náà, ó sì fi ọwọ́ tẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán an, iyọ̀ ṣì dì pọ̀ díẹ̀, gbogbo okùn ara àpò náà sì ti mu omi iyọ̀ yó.

“Gbé ìkòkò wá,” ó wí fún Ọ̀kẹ́rẹ́. “Dìde, ọmọ mi. Gbé ìkòkò wá.”

Wọ́n fún àpò náà sínú ìkòkò, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ dì í mú, ọ̀kan ń lọ́ ọ sí ọ̀tún, ìkejì ń lọ́ ọ sí òsì. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sì fi omi kún un díẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e kaná. Bó ṣe ń hó ni ó yíjú sí Alákàn, kò sì bínú.

“Ṣé o rí iná yìí?” ó ní. “Ohun tó wà lọ́wọ́ Lékeléke, iná ì bá ti bá wa parí rẹ̀. A kì í fún ọmọ lómi láìsè é. Ìwọ ì bá dà á sínú igbá, kó o fọ ọwọ́ rẹ, kó o wọlé.”

Alákàn yíjú sí odò.

Nígbà tí omi náà tutù, wọ́n fi oyin sí i, wọ́n sì ń fún Abẹ́bí ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Ó dúró nínú rẹ̀. Wọ́n tún fún un. Ní ọjọ́ kejì ó dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Kí ìkòkò náà tó tán, ó ti ń béèrè oúnjẹ, ó sì ń bínú pé wọn kò tètè gbé e wá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jáde lọ pe Alákàn wálé. Ó bá a létí odò, ó ń bu iyanrìn, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tu ú.

Ó sọ fún un pé Abẹ́bí ti jókòó. Omi lé ròrò sí ojú Alákàn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí àìsàn yìí bá tún mú ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Kí la óò fún un? Iyọ̀ ò sí nílé.”

“Alákàn, iyọ̀ yẹn ti lọ. Wá sílé.”

“Jẹ́ kí n tún wo ibí yìí.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró tì í pẹ́. Nígbà tó rí i pé kò ní tẹ̀ lé òun, ó lọ gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí àpáta. Nígbà tó yá, Abánirelé rẹlẹ̀, ọjà ṣí, iyọ̀ tún pọ̀ nílé oníkálukú. Wọ́n ń wá sọ fún Alákàn, á ní òun ti gbọ́, òun ń bọ̀. Nígbà tí òjò dé, ó gbẹ́ ihò kan sí etí omi kí ó má baà jìnnà sí ibi tó ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni alákàn ti fi ilé sílẹ̀ tó di ará etí odò. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ méjèèjì bu iyanrìn sẹ́nu, tí á tọ́ ọ wò, tí á sì tu ú dànù. Bó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín létí omi, á sáré wọ inú ihò lọ, nítorí ó rò pé iyọ̀ lẹ wá béèrè.