Igi Orógbó Àgbàlá Ògúnrántí

Ní ìlú Ìdó-Àṣá láyé àtijọ́, kò sí alágbẹ̀dẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Ògúnrántí. Ọwọ́ baba rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ baba tirẹ̀ náà ni baba rẹ̀ sì ti kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó kún fún òkúta irin ni ìlú náà wà, igbó kìjikìji sì bo òkè ọ̀hún látòkè délẹ̀. Láyé baba Ògúnrántí, ààrò ìyọ́rin kan ṣoṣo ló wà nílùú. Èèpo èkùrọ́ tí àwọn obìnrin ń kó wá, àti igi gbígbẹ tó bá wó fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi ń dáná sí i. Irin tó ń jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìlú lò.

Nígbà tí Ògúnrántí jogún àgbẹ̀dẹ ni nǹkan yí padà. Àwọn alájàpá ọ̀nà jíjìn gbọ́ pé ọkọ́ Ìdó-Àṣá kì í tètè kú lẹ́nu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Iná èèpo èkùrọ́ kò ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògúnrántí ti ṣàkíyèsí pé èédú igi ńlá, pàápàá èédú ayan, a máa mú kí irin tètè yọ́. Ó kó àwọn géńdé jọ, wọ́n gun òkè lọ gégi, wọ́n sì ń sun èédú níbẹ̀.

Kí á má purọ́, ìlú náà là. Ìyàn tó máa ń mú wọn kí iṣu tuntun tó jáde di ohun tí àwọn ọmọdé ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ẹni tí kò ní ju ọkọ́ yíyá lọ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń fi ọkọ́ ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ààrò kan di méjì, ó di mẹ́ta, títí ààrò fi yí ẹsẹ̀ òkè náà ká. Èéfín ń bo ìlú láàárọ̀, ikọ́ sì wọ̀ wọ́n lára, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ń pòṣé sí èéfín náà, wọn a fi í rẹ́rìn-ín, wọn a ní òórùn ọlà ni.

Orí òkè yìí kan náà ni odò Ọ̀rẹ̀ ti ṣẹ̀. Odò náà ṣàn gba ẹ̀yìn ìlú kọjá lọ sí Abà Amọ̀kòkò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀ létí omi, tí wọ́n ń fi í mọ ìkòkò àti ìṣaasùn. Abà yìí ni Àwẹ̀ró, àkọ́bí Ògúnrántí, bá ọkọ lọ. Ọ̀ṣúntókí, ìyá ọkọ rẹ̀, ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀ṣúntókí bá dé Ìdó-Àṣá, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń kí Ògúnrántí, nítorí òun ló fún wọn níyàwó.

Bí igi ṣe ń tán lórí òkè ni ìwà odò Ọ̀rẹ̀ ń yí padà. Lẹ́ẹ̀rùn, a gbẹ títí yóò fi ku kìkì kòtò omi níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí òjò bá dé, kò sí gbòǹgbò tí yóò dá omi dúró mọ́. Ẹrẹ̀ pupa ni yóò máa ya bọ̀ láti òkè. Lọ́dún kan, ẹrẹ̀ náà bo kòtò amọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀ṣúntókí wá kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn igi tó ṣẹ́ kù ní orísun odò. Àánú ṣe Ògúnrántí, ṣùgbọ́n àwọn alájàpá ti ń retí ọkọ́.

Ó ní, “Ìyá, ọkọ́ tí ẹ fi ń kọ ebè, iná ló bí i. Ẹ jẹ́ kí á là ná. Bí a bá là tán, a ó gbin igi tó ju ti àtijọ́ lọ.”

Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀ṣúntókí bi í pé ìgbà wo ni ènìyàn ń là tán. Ògúnrántí rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún ìyá lóúnjẹ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n gé àwọn igi orísun odò.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò ṣe é fẹnu sọ. Ó ti ń rọ̀ bọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó di pé ìró àáké bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé Ògúnrántí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó rò pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ni. Ìgbà tó yọ sí àgbàlá, Ọ̀ṣúntókí ló bá nídìí igi orógbó, àáké lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin abà méjì dúró tì í. Obìnrin náà kò kúnlẹ̀. Ó gbé àáké sókè, ó tún fi sọ igi lára. Oje ń ṣàn lójú ọgbẹ́ náà.

Ògúnrántí sáré sún mọ́ wọn. Nídìí igi orógbó yẹn ni wọ́n sin ìwọ́ baba rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ìwọ́ tirẹ̀ wà. Nígbà tí Àwẹ̀ró dáyé, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ náà sí.

Ó ní, “Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Èédú la fẹ́ sun, Bàbá Àwẹ̀ró. Kò sí amọ̀ mọ́, ẹnu kò sì ní ṣàì jẹun. Àwa náà fẹ́ là.”

“Igi ìwọ́ mi nìyí. Igi ìwọ́ ìyàwó ilé yín ni.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á là ná. Bí a bá là tán, a ó gbin òmíràn fún yín.”

Ọ̀rọ̀ tí Ògúnrántí fúnra rẹ̀ sọ fún un nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ti sọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ọ̀ṣúntókí gbé àáké kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ní ìjẹta, omi gbé ilé Àwẹ̀ró lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀ yè. Ọ̀pẹ tí a sin ìwọ́ ọmọ náà sí ìdí rẹ̀, a wá a títí, a kò rí i.”

Ògúnrántí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, kò wọ àgbẹ̀dẹ. Ó tẹ̀ lé wọn lọ sí abà. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ló bá ọmọ rẹ̀ tó ń dáná, tí igi tútù ń ta èéfín sí i lójú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kò sọ ohunkóhun nípa ilé. Ohun tí kò sọ yìí dun baba rẹ̀ ju àáké Ọ̀ṣúntókí lọ.

Ó pe àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú jọ, ó sì sọ fún wọn pé wọn yóò pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ààrò náà. Akínsìn, igbákejì rẹ̀, bi í bóyá ó ti gbàgbé ìyàn. Ògúnrántí ní òun kò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi ní kí wọ́n pa gbogbo iná. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kù, èèpo èkùrọ́ ni wọn yóò tún máa fi dá a. Wọn yóò lọ kó o dé àwọn ìlú tí wọ́n ti ń dà á nù. Ẹ̀ka ni wọn yóò máa gé lára igi, wọn kò ní ké e lulẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gun òkè pẹ̀lú àáké láìjẹ́ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò gbọ́ sí i.

Àwọn kan kò gbà. Akínsìn kó tọmọtọmọ lọ sí òkè mìíràn, ọ̀pọ̀ alájàpá sì tẹ̀ lé e. Ọjà Ìdó-Àṣá tú díẹ̀, àwọn ènìyàn sì bú Ògúnrántí ní gbangba. Ebi kò pa ìlú, ṣùgbọ́n wọn kò là bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́ ilé mìíràn fún Àwẹ̀ró, ó jìnnà sí etí odò. Igi tí wọ́n fi òwúrọ̀ kan gé, ọjọ́ ayé ènìyàn kò tó fún un láti hù padà. Orí Ògúnrántí ti funfun kí odò Ọ̀rẹ̀ tó tún ṣàn la ẹ̀ẹ̀rùn kan já, ó sì kú láìtún fojú rí igbó kìjikìji lórí òkè náà.

Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí ó bá rí ẹni tó gbé àáké kọ́ èjìká, a pè é jókòó, a ní kí ó kọ́kọ́ rò ó wò pé ìdí igi ìwọ́ tirẹ̀ ni òun ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé lọ káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, òun náà ló sì di òwe lẹ́nu àwọn àgbà wa, tí wọ́n fi ń sọ pé: Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò.