Ọ̀tún Fágbohùn Lọ Sinmi Létí Òkun

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, pàápàá nígbà tí àlejò náà kò bá sí nítòsí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ àlejò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa òwe náà? Ojú rẹ̀ tóbi dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Láyé àtijọ́, Ọ̀tún Fágbohùn ló ń bá ọba Òkè-Ìrókò dájọ́. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ méjì bá dúró níwájú rẹ̀, á wo tibí, á wo tọ̀hún, á ní, "Lójú kan ni mo ti mọ̀ ọ́n," ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àwọn ará ìlú náà ti gbọ́n. Ẹni tó bá ń lọ ro ẹjọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀tún á kọ́kọ́ wẹ̀, á sì lọ yá aṣọ tó dáa wọ̀.

Nígbà tó yá, ariwo ẹlẹ́jọ́ kò jẹ́ kí Ọ̀tún róorun sùn mọ́. Orí ń fọ́ ọ, ó ń tòògbé láàfin. Ló bá dìde láàárín àwọn ìjòyè, ó ní òun ń lọ sinmi létí òkun, níbi tó dákẹ́ jù lọ. Ó ní, "Bí ẹ bá rí mi nílùú yìí kí iṣu tuntun tó jáde, ẹ fi mí ṣẹ̀sín." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ara rẹ̀ síta.

Ìlú méjì ló wà létí òkun náà, Bèbè-Òkun àti Ìdí-Àgbọn. Bèbè-Òkun ni òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ dé. Àwọn ọkùnrin ń fa àwọ̀n, wọ́n ń kọrin, àwọn obìnrin ń yan ẹja, èéfín gba gbogbo ìlú. Ọ̀tún fi apá agbádá bo imú, kò tilẹ̀ jókòó. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé Ìdí-Àgbọn. Kò sẹ́ni kankan lórí iyanrìn. Wọ́n ti da ojú ọkọ̀ dé sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Ọ̀tún ní, "Ibí ni."

Àwẹ̀ró wo àwọn ọkọ̀ náà. "Olóyè, ìlú apẹja tí kò sí apẹja létí omi? Ẹ jẹ́ ká bèèrè ná."

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n tí ojú mi ò tíì sọ fún mi? Lójú kan ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó gba ilé tó kọjú sí omi gan-an, ó sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí orin fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Igi àgbọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n so okùn àwọ̀n mọ́, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ààrò ẹja wà. Ọ̀tún ní ìlú náà ti bàjẹ́ láàárín òru. Ó kó ẹrù, ó di Bèbè-Òkun. Ẹ wáá wò ó, Bèbè-Òkun dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó ní, "Ṣé o rí i, Àwẹ̀ró? Wọ́n ti gbọ́ pé mò ń bọ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, orin tún sọ.

Omi bọ́ lójú Ọ̀tún. Oorun lásán ni àgbàlagbà ń wá, kò rí i, kò sì lè padà sílé. Ó jáde lọ bá ìyá àgbà kan tó ń to ẹja sórí ààrò, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ìlú yín fi dákẹ́ lánàá?"

"Ọjọ́ ìsinmi òkun ni, bàbá. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni a kì í da àwọ̀n. Ti Ìdí-Àgbọn máa ń fi ọjọ́ kan ṣáájú tiwa, kí ẹja má baà wọ́n lọ́jà. Bí ẹ bá yọ ti ìyẹn kúrò, ọ̀kan náà ni wá." Ìyá gbójú sókè wò ó. "Ẹ mà lójú o. Ẹ ò kàn fi ríran ni. Àlejò ni yín, kò burú."

Báyìí ni Ọ̀tún ṣe ń gbé ẹní kiri láàárín ìlú méjèèjì, tó ń lé ọjọ́ ìsinmi, títí iṣu tuntun fi jáde. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń bá wọn fa àwọ̀n lójúmọ́, ó ń jẹ ẹja tútù, ó sì ń sùn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹjọ́ ewúrẹ́ kan ló kọ́kọ́ dé iwájú Ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́jọ́ wọ aṣọ òkè, èkejì wọ àkísà. Gbogbo èèyàn ti ń dìde lọ sílé. Ọ̀tún wo tibí, ó wo tọ̀hún, ó lanu, ó tún pa á dé. Ó wáá ní, "Ọjọ́ wo ni ewúrẹ́ yìí sọnù?" Òógùn bo aláṣọ òkè.

Láti ìgbà náà, Ọ̀tún gan-an ló ń pa òwe yìí jù lọ, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ sí. Títí dòní, bí ẹnì kan bá dé ibì kan lánàá, tó sì ń sọ lónìí pé èyí dára, tọ̀hún kò dára, láìbi onílé, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún un ni pé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.