Ìgbà Mẹ́ta tí Ehoro Ka Ọmọ Àkèré

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ yí mi ká! Ẹ dáhùn kí òṣùpá gbọ́: Ààlọ̀! Àlọ́ mi já wẹ́rẹ́, ó bọ́ sínú omi, ó dá lórí Àkèré.

Ọ̀dá dá, adágún ń fà. Ìyá Erin, tó bí ọmọ kan ṣoṣo, rí ẹyin Àkèré tó bo etí omi. Ó ní, "Àwọn ọmọ rẹ yóò mu omi yìí gbẹ. Kó wọn lọ."

Àkèré bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Ehoro kà wọ́n nígbà mẹ́ta ná."

Ehoro ka ẹyin títí ojú rẹ̀ fi rú. Àkèré kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi mélòó ni yóò kù?
Omi ló mọ̀.
Ẹja ń bẹ nísàlẹ̀.
Omi ló mọ̀.

Nígbà kejì, ẹyin ti di ọmọ onírù. Wọn ò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹja ti jẹ ìyókù. Nígbà kẹta, ẹyẹ odò ti ṣa púpọ̀ jẹ; mẹ́ta péré ló fò jáde.

Ojú ti Erin. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ojú mi kì í kúrò lára tèmi."

Àkèré rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ga tó yín, èmi náà ì bá bí ẹyọ kan."

Erin bá fi ẹsẹ̀ gbẹ́ adágún títí omi fi sun. Àwọn mẹ́ta náà gun ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń fò.

Ẹ̀yin ọmọ, iye tí a bí kọ́ là ń kà, iye tó yè ni. Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ahọ́n mi má gbé e.