Egbò Ẹsẹ̀ Láwuyì

Bí àgbà Agbọ́nlẹ̀ bá rí ẹni tó ń gbé àìsàn kan náà kiri láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé òmíràn, yóò mi orí, yóò ní, "Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni ò jẹ́ kí egbò Láwuyì jinná." Àjèjì tó bá gbọ́ ọ a máa ṣe kàyéfì. Ọwọ́ púpọ̀ ṣáà ni í tètè gbé ẹrù dórí. Báwo wá ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣe lè dènà ìwòsàn? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Láyé ìgbà tí a ṣì ń sùn lórí ẹní, kí fóòmù tó gba yàrá lọ́wọ́ wa, kò sí alájàpá ẹní tó gbajúmọ̀ tó Láwuyì. Yóò di ẹní sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, fààfà nísàlẹ̀, ẹní àtẹ́sùn lókè, yóò sì máa wà á lọ nínú ìrì òwúrọ̀. Agogo kẹ̀kẹ́ yẹn dùn létí. Bí a bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko, a mọ̀ pé ọjọ́ ọjà pé. Bó ṣe ń ná ọjà Aláhùn ló ń ná Òkè-Ìrókò, tó tún ń ré kọjá sí Ìdí-Ọsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni oko rẹ̀.

Àfi bí irin kẹ̀kẹ́ ṣe ha á lẹ́sẹ̀, tí ibẹ̀ di egbò. Àyọ̀ká aya rẹ̀ ní kí àwọn lọ bá Dókítà Ṣódẹ̀indé ní ilé ìwòsàn Agbọ́nlẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí gbogbo ọmọ wọn.

"Ìbéèrè bàbá yẹn ti pọ̀ jù," ni Láwuyì wí. "Á bi mí bí mo ṣe sùn, á bi mí ohun tí mo jẹ. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fúnni níyàwó ni í wádìí tó bẹ́ẹ̀."

Ọjà tó bá ná ló ti ń fi egbò náà han oníṣègùn tó bá wà níbẹ̀. Dókítà Aláhùn gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kó máa fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìrókò da oògùn lẹ́búlẹ́bú sí i, ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn án. Láwuyì kò fẹ́ fi àbùkù kan ẹnì kankan: ó ń rẹ ẹ́ láàárọ̀ nítorí Aláhùn, ó ń dì í gbẹ lọ́sàn-án nítorí Òkè-Ìrókò. Olúkúlùkù ní kó padà wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó padà, ọjà mìíràn ló wà. Ẹni tó bá tún rí i á tú ohun tí ẹni ìṣáájú dì, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Ẹ̀yin ní dókítà kan," ni ó ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹ́ní. "Èmi ní ọ̀kan ní gbogbo ọjà."

Ìyá Rèmílẹ́kún tí ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń tiro?"

Ọyẹ́ dé, ẹsẹ̀ dúdú, eṣinṣin ń bá a rìn. Dókítà Ìdí-Ọsàn wò ó, ó ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bóyá wọn yóò gé e láti ọrùn ẹsẹ̀. Láwuyì jókòó lórí ẹní rẹ̀, kò lè pe oníbàárà mọ́. Báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe ń wa kẹ̀kẹ́?

Nígbà tó délé, Àyọ̀ká kò sunkún. "Bàbá Tinúkẹ́, ẹsẹ̀ yín kì í ṣe ẹní. Ẹ yé é kiri rẹ̀ láti ọjà dé ọjà." Ó gbé ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, níbi tí ẹní máa ń wà, ó sì ń tì í lọ sọ́dọ̀ Ṣódẹ̀indé.

Dókítà náà ti hewú. Kó tó wo ẹsẹ̀, ojú Láwuyì ló kọ́kọ́ wò, ó wò ó títí.

"Láwuyì, ta ló ti ń tọ́jú rẹ?"

"Gbogbo wọn ni, sà. Kò sí ẹni tí kò rí egbò náà."

"Wọ́n rí egbò. Ta ló rí Láwuyì?"

Dókítà fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

"Nígbà tó o gbé àbíkẹ́yìn rẹ wá gba abẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì yìí há mọ́ ọ lápá. Lónìí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Ǹjẹ́ òùngbẹ ń gbẹ ọ́?"

Láwuyì fẹ́ sọ pé rárá. Àyọ̀ká gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, àmù tí gbogbo ilé ń mu, òun nìkan ló ń mu ún gbẹ."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni kò jẹ́ kí egbò náà pa ẹnu dé.

"Ṣé àwọn yòókù ò mọṣẹ́ ni, sà?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé o ti rù? Á rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọ nìyẹn."

Ìka tó kéré jù lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti kú, wọ́n yọ ọ́, ẹsẹ̀ kù. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ tí dókítà dá fún un bá kọlu ọjọ́ ọjà, ọjà ni yóò dúró. Ṣódẹ̀indé a bi í bó ṣe sùn, a bi í ohun tó jẹ. Láwuyì a rò ó látòkè délẹ̀. Bí ìbéèrè bá kéré, ara a máa fu ú. Nígbà tí òjò fi dá, egbò ti di àpá.

Lọ́jọ́ kan ní ọjà Ìdí-Ọsàn, oníṣu kan ń wúkọ́, ó ń fi oògùn dókítà mẹ́ta han àwọn èèyàn nínú àpò rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kẹrin.

Láwuyì ní, "Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni ò jẹ́ kí egbò Láwuyì jinná."

"Ta ló ń jẹ́ Láwuyì?"

Láwuyì bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Oníṣu wo àyè ibi tí ìka kan ti sọnù, ó rọra kó oògùn padà sápò. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ta wá ni dókítà tiyín?"

Ẹní ti di ohun àwátì báyìí, a ò gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́, Láwuyì náà sì ti re ibi àgbà ń rè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n bá pa òwe yìí létí yín, ẹ mọ̀ pé oníṣègùn kọ́ ni wọ́n ń bú. Ẹni tí kò jẹ́ kí ojú dókítà kan mọ òun nígbà tí ara òun le ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni ò jẹ́ kí egbò Láwuyì jinná.