Àgbò, Àwẹ̀ró àti Ògiri Tó Wú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá ògiri kan pàdé.

Kí ni ògiri náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ìwọ Dúrótoyè, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú kan tí wọ́n tẹ̀ dó sí ẹ̀gbẹ́ òkè, Àgbò ń gbé lápá òkè, Àwẹ̀ró, obìnrin amọ̀kòkò, sì ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ògiri òkúta kan ló wà láàárín wọn. Òun ló dá ilẹ̀ Àgbò dúró kí ó má baà ya lu ilé Àwẹ̀ró.

Nígbà tó yá, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aboyún. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìyá Àwẹ̀ró ń sùn, arúgbó tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọn kò gbé ìyá náà kúrò?

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ṣé kí n máa sọ ọ́ lọ?

Ẹ máa sọ ọ́ lọ o!

Àwẹ̀ró gòkè lọ, ó kúnlẹ̀ kí Àgbò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún ògiri ṣe kí òjò tó dé. Àgbò ní àgbàlá Àwẹ̀ró ni ògiri kọjú sí, ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ ni kó tún un ṣe. Àwẹ̀ró ní ilẹ̀ ta ni ògiri gbé dání? Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn, tí òjò sì ń ṣú. Àwẹ̀ró a máa kọrin bó ṣe ń mọ ìkòkò. Ẹ gbè é:

Ògiri ń wú, ògiri ń yẹ̀,
*Ta ni yóò gbé e ró?*
Ìyá mi ń bẹ lábẹ́ rẹ̀,
*Ta ni yóò gbé e ró?*

Òfin ìlú náà ni pé bí ará ìsàlẹ̀ bá gé òkè kí ó tó kọ́lé, òun ló ni ògiri. Bí ará òkè bá bu yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú, òun ló ni ín. Ẹni tó bá ni ín ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ ògiri yìí ti kú. Ni àwọn àgbà bá ránṣẹ́ pe Ekòló.

Ẹ kúkú mọ̀ pé ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ekòló júbà, ilẹ̀ lanu, ó wọ ẹ̀yìn ògiri lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Ó ní, "Eérú ni mo jẹ, àti èèpo iṣu, mo sì forí gbá àpáàdì, ohun ààtàn gbogbo. Wọ́n bu ilẹ̀ yìí kún ibẹ̀ ni. Àgbò ló ni ògiri."

Àgbò dorí kodò, ó gba ilé lọ. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, òkúta kan kò kúrò nílẹ̀. Ará ìlú ní agídí ló ń ṣe. Inú bí Àwẹ̀ró, ó so ìró rẹ̀ le, ó gòkè lọ láti lọ bú u.

Ó bá Àgbò lẹ́yìn ilé, tó fi ẹnu gbá òkúta ńlá kan mú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ètè rẹ̀. Òkúta náà kò mì.

Yéè, Àgbò!

Àgbò ní, "Àwẹ̀ró, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Pátákò ni mo ní, n kò lọ́wọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́, èmi tí gbogbo ìlú ń sá fún nítorí ìwo."

Àwẹ̀ró gbé èébú mì. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ? Èmi lọ́wọ́, ẹ̀yin lórí."

Àwẹ̀ró tú ògiri, ó ń to òkúta, ó ń fi ihò sílẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, bíi ti ajẹ̀rẹ̀, ìkòkò oníhò tó máa ń mọ. Àgbò ń fi orí kan òkúta wọlé, gbì, gbì. Ọjọ́ kejì tí wọ́n parí ni òjò ńlá dé. Ògiri kò yẹ̀. Ìyá arúgbó sùn, ó tún ń hanrun.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àgbò tó ń kan ògiri ilé títí dòní. Ẹ má lé e. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, bóyá ó ṣì dúró.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí á mọ ẹni tó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ wo ọrùn tó fẹ́ rù ú.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí tì nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ògiri náà yẹ̀. Bí n kò bá purọ́, kí ó dúró gbọn-in. Ṣé ó dúró?

Ó dúró!